Ọ̀rọ̀ Choi Jin-sil: òṣèré tí wọ́n pè lẹ́jọ́ torí pé ó fi ojú ẹ̀ tó wú han aráyé

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹjọ́ yẹn, torí òun gan-an ló ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2004, iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé alájà gogoro ní Gúúsù Kòríà gbé iṣẹ́ fún Choi Jin-sil, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òṣèré tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ wọn, pé kó wá máa bá àwọn polówó ilé, wọ́n sì san mílíọ̀nù 250 won, ìyẹn owó ilẹ̀ Kòríà, fún un. Wọ́n kọ ọ́ sínú kọ́ńtíráàtì pé kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tó máa ba iyì ara ẹ̀ jẹ́ láwùjọ, kó má bàa kó bá orúkọ iléeṣẹ́. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ọkọ ẹ̀ tí wọn ò jọ gbé pọ̀ mọ́ wá bá a nílé, ó lù ú, ojú ẹ̀ wú, ó dúdú, ẹrù inú ilé fọ́ káàkiri. Choi Jin-sil ò bo ojú o. Ó jẹ́ káwọn oníròyìn wá, ó jẹ́ kí wọ́n ya ojú òun, ó jẹ́ kí wọ́n ya ilé, ó sì ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Bí iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé ṣe pè é lẹ́jọ́ nìyẹn, owó tí wọ́n ní kó san lé ní bílíọ̀nù 3 won, wọ́n ní ó ti ba iyì tó ṣèlérí jẹ́, pé ta ló máa rí ojú yẹn táá tún máa rò ó pé ilé aláyọ̀ ni àwọn ń tà.

Òun ni wọ́n lù, òun náà ni wọ́n tún pè lẹ́jọ́. Kò lu èèyàn, kò jalè, kò mu oògùn olóró, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ni pé ó jẹ́ káyé rí i. Àwọn èèyàn wa tó ń wo sírísì Kòríà lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni ò mọ orúkọ obìnrin yìí rárá, bẹ́ẹ̀ òun wà lára àwọn tó lànà tí àwọn stáà òde òní ń rìn. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ irú orúkọ tó ní tẹ́lẹ̀, kò lè yé e bí ojú kan ṣoṣo tó wú ṣe lè di ọ̀rọ̀ kóòtù fún nǹkan bí ọdún márùn-ún.

Seoul ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1968, kò sì sówó nílé wọn. Oúnjẹ tó jẹ jù nígbà tó ń dàgbà ni sujebi, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n máa ń pò, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, oúnjẹ àwọn tí apá wọn ò ká ìrẹsì ni nígbà yẹn. Nígbà tó lówó tán kò fi ìyẹn pamọ́, ó ń sọ ọ́ ní gbangba, débi pé wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Choi Sujebi. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, Choi Jin-young, náà ṣe iṣẹ́ òṣèré, ó tún kọrin, àwọn méjèèjì sì mọwọ́ ara wọn gan-an.

Ọdún 1988 ló kọ́kọ́ fara hàn lórí tẹlifíṣàn, nínú eré ààfin ọba ayé àtijọ́ kan tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn MBC ṣe, ipa kékeré ni wọ́n fún un. Ìpolówó ọjà ló gbé e jáde. Samsung ń ta ẹ̀rọ fídíò nígbà yẹn, wọ́n ní kó ṣe ìyàwó tuntun, obìnrin kékeré, ojú ẹ̀ mọ́ roro, ó ń rẹ́rìn-ín, gbólóhùn kan sì jáde níbẹ̀ tó jẹ́ pé tọmọdé tàgbà Kòríà ló há a sórí: bí obìnrin bá ṣe ṣe ọkùnrin sí ni ọkùnrin á ṣe rí. Ìyẹn ni pé tí ọkọ bá dáa, iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó ni. Tí ọkọ bá wá burú ńkọ́? Ẹ wò ó, ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ohùn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kì í ṣe ohùn ẹ̀, obìnrin mìíràn tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ jẹun ni wọ́n ní kó sọ ọ́ lé ojú ẹ̀. Ojú nìkan ni tiẹ̀. Síbẹ̀ òun ni gbogbo ayé gbé gbólóhùn yẹn lé lórí, kò sì kúrò lórí ẹ̀ mọ́ títí.

Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí wọn ò fi ojú ẹ̀ polówó, ọbabìnrin ìpolówó ni wọ́n ń pè é. Fíìmù tó ṣe lọ́dún 1990, ìyàwó ọ̀ṣìngín náà ló tún ṣe níbẹ̀, wọ́n fún un lámì-ẹ̀yẹ òṣèré tuntun tó dáa jù. Ẹ ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ, àbí? Ìyàwó, ìyàwó, ìyàwó ṣáá, kò sì tíì lọ́kọ nígbà náà.

Èyí tó wá sọ ọ́ di orí fún gbogbo òṣèré ni Jiltu, ìyẹn Owú, tí MBC gbé jáde lóṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 1992. Ìpín 16 péré ni. Òun àti Choi Soo-jong ni wọ́n ṣe ọ̀rẹ́ méjì tó ti mọra tipẹ́, ìfẹ́ wà nílẹ̀ àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ṣáájú ìgbà yẹn, eré tẹlifíṣàn wọn máa ń wúwo, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ ogun tó ya ìdílé, èyí wá dé, ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ló wà níbẹ̀, aṣọ tó bá ìgbà mu, ilé ìtajà tí kì í tì lóru, orin tó ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀, eré náà sì ń sáré. Nínú gbogbo ilé tó ń wo tẹlifíṣàn, ó ju ìdajì lọ tó ń wò ó nígbà tó gbóná jù. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀ ń rí nínú sírísì Kòríà lónìí, bí àwọn méjì ṣe máa ń bára wọn jà nínú òjò kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, àtọ̀dọ̀ irú eré yìí ni wọ́n ti mú un. Nígbà tó di ọdún 1997, òun àti Ahn Jae-wook ṣe eré mìíràn, Byeoreun Nae Gaseume, òun ṣe ọmọ òrukàn níbẹ̀, eré yẹn sì sọdá sí Ṣáínà, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ káwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í wá eré Kòríà kiri. Ọdún 1997 yẹn kan náà, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ́dọ̀ MBC, òun ni wọ́n gbé e fún, ní ti eré ìdílé kan tó ṣe.

Kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Oṣù kejìlá ọdún 1994 ni wọ́n pa mánéjà ẹ̀, Bae Byung-soo, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mánéjà yẹn tẹ́lẹ̀ ló pa á, torí owó. Kóòtù pe Choi Jin-sil kó wá jẹ́rìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé ìyẹn nìkan á tó láti mú èèyàn sá kúrò nídìí iṣẹ́, àmọ́ ó padà sídìí ẹ̀, ó ń ṣe é lọ.

Oṣù kejìlá ọdún 2000 ló ṣègbéyàwó pẹ̀lú Cho Sung-min, eléré bésíbọ́ọ̀lù tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Yomiuri Giants ní Tokyo, ìyàwó fi ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ ju ọkọ lọ. Gbogbo Kòríà ló bá wọn yọ̀, ìyàwó inú ìpolówó ti wá lọ́kọ lóòótọ́, ọkọ náà tún ga, ó tún lẹ́wà, eléré ìdárayá tó rìnnà àjò. Ọdún 2001 ni wọ́n bí ọkùnrin. Ọkọ ṣèṣe ní ìgbọ̀nwọ́, iṣẹ́ Japan ò lọ dáadáa mọ́, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2002, ó wá ń ṣòwò. Ìgbà tó di oṣù kejìlá 2002, ìyàwó wà nínú oyún èkejì, ọkọ pe àwọn oníròyìn jọ, ó ní òun fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Níwájú kámẹ́rà! Obìnrin tó lóyún sínú. Choi Jin-sil ní òun ò gbà, ó ní òun ò fẹ́ kí ilé òun tú, wọ́n wá wà bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni oníkálukú ń gbé, ó bí ọmọbìnrin lọ́dún 2003, títí tí oṣù kẹjọ ọdún 2004 fi dé.

Mo ti sọ ti oṣù kẹjọ yẹn. Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé ó ṣòro gan-an fún obìnrin nígbà náà láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta nílẹ̀ wọn, pàápàá òṣèré, pàápàá òun tó jẹ́ pé ojú ìyàwó rere ni wọ́n fi ń san owó fún un. Ọ̀rọ̀ inú ilé, inú ilé ni wọ́n ní kó máa gbé. Tó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó má pàdánù kọ́bọ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì tún sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, nínú àdéhùn yẹn, ọkọ jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ òbí lórí àwọn ọmọ méjèèjì, ìyá nìkan ló kù tí òfin mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí, ó ń bọ̀ wá di nǹkan ńlá.

Iṣẹ́ wá dínkù. Àwọn olùpolówó sá. Ìyàwó ilé aláyọ̀ tó ti tú, kí ni wọ́n fẹ́ fi tà? Eré tó ti ṣe lọ́dún 2004 yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ta. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé ó ti parí. Lọ́dún 2005 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn KBS wá gbé eré Jangmibit Insaeng fún un, ìpín 24, wọ́n ní kó ṣe Maeng Soon-i. Soon-i yìí, ìyàwó ilé gidi ni, kì í ṣe ti inú ìpolówó, irun ẹ̀ ò rí bákan ṣá, aṣọ ẹ̀ ti ṣá, ó ń ṣọ́ owó ná, ó ń jìyà torí ọkọ tó ń yan obìnrin mìíràn, bó ṣe wá ń wò ó pé òun á gbé ilé òun ró, àrùn jẹjẹrẹ ti wà nínú ẹ̀. Choi Jin-sil bọ́ gbogbo ẹwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò kun ojú. Ó ń sunkún kí imú ẹ̀ máa ṣàn, kò bìkítà. Àwọn tó ń wò ó ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ nígbà tó gbóná, lásìkò tí àwọn tẹlifíṣàn ti pọ̀ tí ọkàn èèyàn sì ti pín. Mo gbà pé òun ni iṣẹ́ tó dáa jù nínú gbogbo ohun tó ṣe, torí pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyàwó tí wọ́n ní kó ṣe jẹ́ èèyàn, ó ń bínú, ó ń ṣepè, ó ń bẹ̀rù ikú, kì í kàn ń rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ilé tó ń wò ó mọ̀ pé kì í ṣe eré nìkan ló ń ṣe.

Ẹjọ́ iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé ń lọ ní gbogbo ìgbà yẹn o. Kóòtù àkọ́kọ́ dá iléeṣẹ́ láre. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù kejì dá òun láre, wọ́n ní ẹni tí wọ́n lù tó sọ pé wọ́n lu òun kò ba iyì ara ẹ̀ jẹ́. Mo rò pé ó yẹ kó parí síbẹ̀. Iléeṣẹ́ gbé e lọ sí kóòtù tó ga jùlọ, ibẹ̀ ló wà.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn ọmọ. Òfin ilẹ̀ wọn látijọ́, ọkùnrin ni olórí ilé nínú ìwé ìjọba, ọmọ tí wọ́n bá bí, abẹ́ bàbá ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, orúkọ bàbá ló máa jẹ́. Tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ìyá ló ń tọ́ ọmọ, kó jẹ́ òun ló ń san owó iléèwé, abẹ́ bàbá náà ni ọmọ wà nínú ìwé, ìyá á kàn dà bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ pé bàbá ló lọmọ, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Àwọn obìnrin Kòríà bá òfin yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù kejì 2005 ni kóòtù tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn ní kò bá ìwé òfin mu, wọ́n pa á rẹ́ pátápátá láti ọjọ́ kìíní ọdún 2008. Òfin tuntun wá gbà pé ìyá lè béèrè kí ọmọ yí orúkọ ìdílé padà tí kóòtù bá rí i pé ó máa ṣe ọmọ lóore.

Ọdún 2008 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni Choi Jin-sil ti gbé ìwé lọ sí kóòtù, kò dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ dán an wò. Oṣù karùn-ún ni wọ́n gbà fún un, àwọn ọmọ méjèèjì kúrò ní Cho, wọ́n di Choi. Èébú tí wọ́n bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ìyẹn kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá tó ń dá tọ́mọ ló rí i pé ó ṣeé ṣe. Ọdún yẹn náà ló ṣe sírísì kan pẹ̀lú Jung Joon-ho fún MBC, obìnrin tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún tó tún rí ìfẹ́, àwọn èèyàn gbà á débi pé wọ́n ti ń múra láti ṣe apá kejì.

Apá tó ṣòroó sọ ló kàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 2008, wọ́n rí òkú òṣèré kan, Ahn Jae-hwan, tó ti jẹ gbèsè púpọ̀. Ìyàwó Ahn, Jung Sun-hee tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Choi Jin-sil ni. Kò pẹ́ tí àhesọ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní Choi Jin-sil ló yá Ahn ní bílíọ̀nù 2.5 won, pé òun ló wà nídìí owó èlé tó ń lé e kiri. Irọ́ pátápátá ni. Ó lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, wọ́n wádìí, wọ́n sì rí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìpín ìdókòwò kan tó wà lára àwọn tó ń pín in kiri lórí méséńjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ayé, wọ́n ń pè é ní apànìyàn. Ó ti ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jà láti ìgbà ìkọ̀sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2008, Choi Jin-sil kú nílé ẹ̀ ní Jamwon-dong, àdúgbò kan ní Seoul, òun fúnra ẹ̀ ló gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Ẹni ọdún 39. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, ọ̀kan ò tíì pé ọdún mẹ́jọ, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní márùn-ún.

Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bó ṣe kú. Àwọn ìwé ìròyìn wọn sọ gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn, iye àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn sì lọ sókè lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n wá máa ṣọ́ra bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka èyí tí irú ìrònú yẹn bá ń wá sí i lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a gbé, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí.

Kíá ni àwọn òṣèlú ti dé. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní àwọn fẹ́ ṣe òfin tó máa fìyà jẹ ẹni tó bá bú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ fi orúkọ Choi Jin-sil pè é. Àwọn alátakò ní ẹ má fi orúkọ òkú bo ẹnu àwọn alààyè, òfin yẹn ò sì wáyé. Èmi náà ò rí bó ṣe máa gbà á là. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ní òfin tó ní kí àwọn ìkànnì ńlá gba orúkọ gidi lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀, ó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa irọ́ mọ́ ọn, irọ́ náà sì rìn. Méséńjà ni wọ́n fi pín in, láàárín àwọn tó mọra wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni kóòtù fagi lé òfin orúkọ gidi yẹn.

Òfin tó wá jáde lóòótọ́ látinú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ibi tí àwọn òṣèlú ò kọ́kọ́ wò ni. Ẹ rántí pé bàbá ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ òbí ní 2004. Ìyá kú tán, kí ni òfin sọ? Bí kóòtù wọn ṣe ń tú u nígbà náà, tí òbí kan ṣoṣo tó ní ẹ̀tọ́ bá kú, ẹ̀tọ́ òbí kejì á kàn jí padà fúnra ẹ̀, láìsí ẹni tó máa bi í pé níbo lo ti wà. Àwọn ọmọ ló sì ni ogún, ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ òbí ló máa bójú tó owó wọn. Ìyá Choi Jin-sil àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń tọ́ àwọn ọmọ yẹn látọjọ́ yìí, òfin ò rí wọn rárá. Bàbá ní òun ṣì ni bàbá wọn. Inú bí ará ìlú, àwọn ìyá tó ń dá tọ́mọ bọ́ síta, àwọn òṣèré ẹgbẹ́ ẹ̀ náà dá sí i, wọ́n ní àṣé gbogbo ìyá tó ń dá tọ́mọ ni irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí tó bá kú lọ́la. Oṣù kejìlá 2008 ni Cho Sung-min jọ̀wọ́ ẹ̀, ó ní kí ìyá ìyá wọn máa tọ́ wọn. Ó dára tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó dá lórí inú rere ọkùnrin kan kò tíì di òfin.

Bí wọ́n ṣe ń jà fún ìyẹn ni kóòtù tó ga jùlọ dáhùn ẹjọ́ iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé ní 2009. Ó ti kú, àwọn ọmọ ló jogún ẹjọ́. Kóòtù ní iléeṣẹ́ jàre. Wọ́n ní láìka ohun tó fa ìjà sí, ẹni tó ti gbowó láti máa polówó ilé aláyọ̀ yẹ kó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ má bàa ba àwòrán ara ẹ̀ jẹ́, pé bó ṣe fúnra ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ya ojú tó wú àti ilé tó fọ́, ó ti tàpá sí àdéhùn. Wọ́n da ẹjọ́ padà sí kóòtù ìsàlẹ̀ kí wọ́n tún un gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin fárí gá, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó lù ú ni wọ́n sọ di ẹ̀bi ẹni tí wọ́n lù, wọ́n sì fi kóòtù tó ga jùlọ lùǹtẹ̀ sí i. Tí ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ bá dúró, gbogbo òṣèré tó ní kọ́ńtíráàtì ìpolówó ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n fi páúdà bo ojú wọn kí wọ́n tó jáde. Mi ò bá àwọn adájọ́ yẹn jiyàn lórí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn o, mo ń bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n pè ní iyì. Obìnrin tó sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n ṣe sí i, ta ló sọ pé iyì ẹ̀ ti dínkù?

Oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n jí eérú òkú ẹ̀ gbé ní ibi ìsìnkú ní Yangpyeong. Wọ́n mú ẹni tó ṣe é, wọ́n sì rí i gbà padà kí oṣù tó parí. Oṣù kẹta ọdún 2010, àbúrò ẹ̀, Choi Jin-young, náà kú nírú ọ̀nà kan náà. Ìyá wọn tún ṣọ̀fọ̀ ọmọ kejì, ó tún dìde, ó ń tọ́ ọmọ ọmọ. Mi ò mọ irú okun tó ní.

Ọdún 2011 ni ilé aṣòfin wá tún òfin yẹn ṣe, àwọn èèyàn sì ń pè é ní òfin Choi Jin-sil. Ó ní tí òbí kan ṣoṣo tó ní ẹ̀tọ́ bá kú, kò ní bọ́ sọ́wọ́ òbí kejì fúnra ẹ̀ mọ́. Òbí tó kù á gbé ìwé wá sí kóòtù ìdílé, kóòtù á wo bó ṣe ń gbé ayé, á wo bó ṣe ti ń bá ọmọ lò, á wo ohun tó máa ṣe ọmọ lóore, tí kò bá yẹ, wọ́n á yan alágbàtọ́ mìíràn, ìyá àgbà náà lè jẹ́ ẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Cho Sung-min ti gba ẹ̀mí ara ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn, nítorí náà òfin tó jáde látinú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì yẹn kò kàn wọ́n mọ́, àwọn ọmọ ẹlòmíì ló ń dáàbò bò. Ọmọkùnrin ẹ̀ ti dàgbà, ó ń kọrin ráàpù báyìí, Choi ni orúkọ ìdílé tó ń jẹ́.